Nígbà tí ikọ́ ife bá gun orí ọmọdé: bí a ṣe ń dá a mọ̀ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún méjì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fún un ní oògùn ibà, ara rẹ̀ fúyẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ibà náà padà dé, wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó ní: "Kò bá wa ṣeré mọ́, ó kàn ń sùn ṣáá ni." Nọ́ọ̀sì tẹ ọrùn ọmọ náà síwájú, ọrùn kò le. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà ẹ̀fọn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Lọ́jọ́ kejìlá, gìrì mú ọmọ, ẹyinjú rẹ̀ kan sì yí wọ ẹ̀gbẹ́ imú, kò padà sípò.

Kò sẹ́ni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ nínú gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ jọ àìsàn kékeré, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn kékeré. Àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó ka ọjọ́ méjìlá náà pọ̀. Orí ọjọ́ kíkà yìí ni èmi fẹ́ dúró lé, nítorí àìsàn tí à ń sọ yìí kì í pariwo. Òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹni tó ń tọ́ ọmọ nílé ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ?

Ikọ́ ife, tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ sì mọ̀ sí TB, kì í ṣe àìsàn ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ó lè wọ eegun, ó lè wọ kókó ọrùn, ó sì lè wọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọpọlọ. Èyí tó wọ awọ ọpọlọ ló burú jù. Awọ kan náà ni yínrùnyínrùn tí gbogbo èèyàn mọ̀ máa ń bà jẹ́, ṣùgbọ́n yínrùnyínrùn máa ń já lu ọmọ bí olè tó fọ́ ilẹ̀kùn ni. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ilé á ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Ńṣe ni ti ikọ́ ife ń yọ́ wọlé.

Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò rẹ̀, èyí tí Robert Koch fi han ayé lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, máa ń bá wọ ara. Àgbàlagbà tó ní in á wúkọ́, ọmọ á sì mí i sínú. Ara àgbàlagbà sábà máa ń há kòkòrò náà mọ́ ibi tó bà sí. Ara ọmọdé kò tíì gbówọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á rìn dé ọpọlọ, á sì so kókó kékeré kan síbẹ̀. Lọ́dún 1933, Arnold Rich àti Howard McCordock ṣàlàyé pé irú kókó bẹ́ẹ̀ ló máa ń bẹ́ sínú omi tó yí ọpọlọ ká, tí àìsàn á wá bẹ̀rẹ̀. Nínú ọmọdé, gbogbo ìrìn yìí kì í sábà ju oṣù díẹ̀ lọ.

Bí kókó náà bá ti bẹ́, ohun kan tó ki bí ògì tó dì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ó dí ojú ọ̀nà tí omi orí ń gbà ṣàn, omi sì kún inú orí. Ó fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, apá kan ọpọlọ sì kú, bí ìgbà tí àgbàlagbà ní rọpárọsẹ̀. Ó tún tẹ àwọn okùn tín-ínrín tó ń darí ẹyinjú. Ẹyinjú tó yí wọ ẹ̀gbẹ́ imú lọ́jọ́ kejìlá, ibẹ̀ ló ti wá.

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló máa ń mú jù, pàápàá láàárín ọdún 2 sí 4. Ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀ àti ọmọ tó ní kòkòrò HIV tún sún mọ́ ewu ju àwọn yòókù lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ọjọ́

Ẹ mú kàlẹ́ńdà. Ẹ padà sí ọjọ́ tí ara ọmọ yá gágá kẹ́yìn, tó jẹun, tó ṣeré bó ṣe máa ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ ti máa kà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ibà le. Bí ó bá ti lé ní ọjọ́ 5, tí ẹ sì rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ fura:

- ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, tí oògùn kò lé tán;
- èébì láìsí ìgbẹ́ gbuuru;
- ọmọ tó ń kanra, tó ń ké bí wọ́n bá gbé e, tàbí tó ń tòògbé ní àkókò eré;
- orí fífọ́, bí ọmọ bá ti lè sọ̀rọ̀;
- ìwọ̀n tó dúró sójú kan tàbí tó ń já wálẹ̀;
- ikọ́ tí kò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èébì, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ọmọ tó ń bì, tí inú rẹ̀ kò sì ṣí, ẹ má yára pè é ní ọ̀rọ̀ inú. Bí inú bá bàjẹ́ lóòótọ́, ìgbẹ́ gbuuru kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí èébì nìkan ṣì ń dá rìn, orí ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ìwọ̀n náà tún ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan wo káàdì ọmọ. Ìlà tó ń gòkè láti oṣù dé oṣù, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì, ti kìlọ̀ tipẹ́ kí èébì àkọ́kọ́ tó dé. Mo ti rí i tí wọ́n fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ wé ìwé àyẹ̀wò, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ẹ tún fetí sí ìyá. "Kò rẹ́rìn-ín sí mi mọ́." "Ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, ó ti padà sórí ìjókòó." Àmì àìsàn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n ibà.

Láti ọdún 1948 ni àwọn oníṣègùn ti ń pín àìsàn yìí sí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, ọmọ mọ ohun tó ń lọ, kò sì sí ibi tó rọ lára rẹ̀. Ní ìpele kejì, oorun ti ń gbé e tàbí kò mọ ibi tó wà dáadáa, tàbí kí ẹyinjú rẹ̀ yí, tàbí kí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Ní ìpele kẹta, kì í jí mọ́ bí wọ́n bá pè é. Nínú àwọn ọmọ tó rí ìtọ́jú gbà, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń kú, ju ìdajì àwọn tó yè ló sì ń gbé àbùkù kan kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ní ìpele kìíní, díẹ̀ ni ikú ń mú nínú wọn. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé ní ìpele kìíní yìí gan-an ni ó jọ àìsàn tí kò tó nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ń wúkọ́ nínú ilé?

Ẹ má bèèrè pé "Ṣé ẹnì kan ní ikọ́ ife nínú ilé yín?" Ìtìjú á mú kí wọ́n dáhùn pé rárá, tàbí kó jẹ́ pé wọn kò mọ̀ lóòótọ́. Ẹ béèrè báyìí: "Ta ló ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ta ló rù láìpẹ́ yìí? Ta ló ń làágùn lóru?" Ẹ mú ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ń bá wọn tọ́mọ, ọmọ ọ̀dọ̀, àti ará ilé tó wá kí wọn tó lo oṣù kan. Oṣù 12 ni kẹ́ ẹ wò sẹ́yìn.

Bí ẹ bá rí ẹnì kan, ẹ ti rí ìdajì ìdáhùn. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ìyẹn kò yọ àìsàn náà kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in ni wọn kò mọ ẹni tó kó o ràn wọ́n títí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò gbogbo ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwùjẹ̀, bí kò bá tíì pa dé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kó dákẹ́, kẹ́ ẹ tó fi ìka kàn án. Àwùjẹ̀ máa ń ga bí ọmọ bá ń sunkún tàbí bó bá dùbúlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó wú, tó sì le bí awọ ìlù nígbà tí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, ni kó bà yín lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi téépù wọn orí. Ẹ gbé e gba òkè ìpéǹpéjú yí dé ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kọ èyí tó tóbi jù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò sọ púpọ̀. Èyí tí ẹ bá fi wé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ló máa sọ bóyá omi ń kún inú orí.

Ojú: ẹ gbé ohun tó ń dán lọ sọ́tùn-ún, ẹ gbé e lọ sósì. Ṣé ẹyinjú méjèèjì ń bá ara wọn rìn? Ṣé dúdú ojú kan fẹ̀ ju èkejì lọ? Ṣé ẹyinjú wálẹ̀ bí oòrùn tó ń wọ̀, tí funfun wá hàn lókè rẹ̀? Ẹ gbé ohun ìṣeré sí iwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ọwọ́ tó fẹ́ fi mú un. Ọmọ tó máa ń lo ọwọ́ méjèèjì, tó wá pa ọ̀kan tì, ti fi ibi tó ń dùn ọpọlọ hàn yín.

Ọrùn wá kẹ́yìn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni. Bí ọmọ bá lè jókòó, ẹ ní kó wo ìdodo ara rẹ̀; èyí tí ọrùn rẹ̀ le kò ní lè ṣe é láìké. Ó tún lè fa orókún rẹ̀ sókè bí ẹ bá tẹ orí rẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ kékeré, ọrùn líle máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọrùn tó rọ̀ kò ní kẹ́ ẹ dá ọmọ padà sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ inú àpẹẹrẹ wa lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn.

Bí ẹ bá rí gìrì, oorun tí kò ṣeé jí, ojú tó yí, apá tó rọ, àwùjẹ̀ tó wú tàbí ọrùn tó le, ilé ìwòsàn ńlá lónìí ni, kì í ṣe lọ́la. Bí gìrì bá mú un níwájú yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn, ẹ wo aago. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má sì da ohunkóhun sí i lọ́fun. Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, oògùn ló máa dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: omi ẹ̀yìn àti àwọn àyẹ̀wò yòókù

Omi tó yí ọpọlọ ká máa ń ṣàn dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù fífa omi ẹ̀yìn yìí máa ń ba òbí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún wọn ni pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò dé mọ́, ni abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Heinrich Quincke ará Jámánì ti ń ṣe é láti ọdún 1891. Omi tí wọ́n fà, ara á tún pèsè òmíràn. Bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, tí dúdú ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tí oorun rẹ̀ jìn, tàbí tí egbò wà níbi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, wọ́n á sún un síwájú. Omi ni wọ́n sún síwájú o, wọn kò gbọdọ̀ sún oògùn.

Omi náà sábà máa ń mọ́ lójú tàbí kó ní àwọ̀ rúsúrúsú díẹ̀. Kì í ṣú bíi ti yínrùnyínrùn. Bí wọ́n bá gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ láìmì í, nǹkan fẹ́lẹ́ kan lè ta sínú rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn. Kì í hàn lára gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ní yàrá àyẹ̀wò, ohun tí à ń wá ni: sẹ́ẹ̀lì funfun láàárín 10 sí 500 nínú microlitre kan, tí irú èyí tí wọ́n ń pè ní lymphocyte pọ̀ jù nínú wọn (ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ irú kejì lè pọ̀ jù, kó má tàn yín), protein tó kọjá 1 g/L, ṣúgà tó kéré sí 2.2 mmol/L, tàbí tí kò tó ìdajì ti inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò ní àkókò kan náà.

Ẹ̀rọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò fún omi náà ni Xpert Ultra. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè sọ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀ àti bóyá ó gbó rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ikọ́ ife tó ṣe pàtàkì jù, lẹ́nu. Bí omi bá pọ̀ tó, ó ṣeé ṣe kó rí i. Bó bá ní kò sí, ẹ má gbà á bí ìdájọ́ ìkẹyìn, torí kòkòrò inú omi yìí kì í pọ̀ rárá. Wọ́n tún máa ń gbin omi náà láti wo bóyá kòkòrò á hù, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ 6.

Ẹ wá kòkòrò náà níbòmíràn: ìgbẹ́ ọmọ, tàbí omi tí wọ́n fà láti inú ikùn rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró. Kókó tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn, tàbí àmì wẹ́wẹ́ bí ẹni fọ́n ọkà bàbà ká, á ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ìdánwò awọ ara, abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n ń gún sí awọ láti wo bóyá ara ti pàdé kòkòrò ikọ́ ife, lè má wú nínú ọmọ tí ara rẹ̀ ti rù. Àyẹ̀wò HIV pọn dandan. Ẹ̀rọ CT máa ń fi omi tó kún inú orí hàn, bí ẹ bá ní in.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn

Mi ò fẹ́ràn gbólóhùn "ẹ jẹ́ ká dúró de èsì" nínú àìsàn yìí. Bí ọjọ́, ìtàn ilé, àyẹ̀wò ara àti omi ẹ̀yìn bá ti ń tọ́ka síbì kan náà, ọjọ́ náà gan-an ni kí oògùn bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà kò bá tíì lè sọ pé kì í ṣe yínrùnyínrùn, á fi ceftriaxone, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò fún yínrùnyínrùn, kún un. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: ara ọmọ lè fúyẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ceftriaxone, kí wọ́n wá rò pé ó ti parí.

Oògùn mẹ́rin ni wọ́n máa ń lò fún oṣù 2 àkọ́kọ́. Ìwọ̀n wọn lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n nìyí: isoniazid 10 mg, rifampicin 15 mg, pyrazinamide 35 mg, ethambutol 20 mg. Lẹ́yìn ìyẹn, isoniazid àti rifampicin nìkan á máa bá a lọ fún oṣù 10. Oṣù 12 ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2022: oṣù 6, pẹ̀lú isoniazid, rifampicin, pyrazinamide àti ethionamide, tí ìwọ̀n wọn ga ju ti òkè yìí lọ. Kò wà fún ọmọ tí wọ́n fura pé kòkòrò tirẹ̀ kò gbóògùn. Dókítà ló máa yan èyí tó bá ọmọ mu. Ẹ má bu ìwọ̀n ọ̀kan mọ́ òmíràn, ẹ má sì gé oṣù 12 sí 6 nítorí pé ẹ gbọ́ pé oṣù 6 wà.

Oògùn ọmọdé ti ìtọ́jú oṣù 12 rọrùn ju ti ayé àtijọ́ lọ. Hóró kan ló kó isoniazid 50 mg, rifampicin 75 mg àti pyrazinamide 150 mg pọ̀, ó sì máa ń yòrò nínú omi. Ọmọ kílò 4 sí 7 á lo hóró 1, kílò 8 sí 11 hóró 2, kílò 12 sí 15 hóró 3, kílò 16 sí 24 hóró 4. Iye hóró ethambutol 100 mg kan náà ló ń tẹ̀lé e. Bí ọmọ bá wọ kílò 10, ẹ ju hóró 2 sínú ìwọ̀n omi mímu bíi 50 ml, ẹ jẹ́ kó yòrò, ẹ fún un mu kó tó tó ìṣẹ́jú 10. Ẹ tún bu omi díẹ̀ ṣan ife náà, ẹ fún un mu, torí oògùn máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ife. Lóṣooṣù ni kẹ́ ẹ wọn ọmọ. Bó bá ti sanra kọjá kílò 11, hóró 2 kò tó o mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó ń gbà á là yàtọ̀ sí oògùn kòkòrò

Prednisolone tàbí dexamethasone á bá wọn rìn láti ọjọ́ kìíní láti dín wíwú kù. Fún ọmọdé, wọ́n sábà ń fún un ní prednisolone 2 mg fún kílò kan lójúmọ́. Bí ara ọmọ bá burú gan-an ó lè dé 4 mg, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 60 mg lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á máa dín in díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ má dá a dúró lójijì. Oúnjẹ á máa wu ọmọ gan-an, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì rọ̀bọ̀tọ̀. Ìyẹn á lọ.

Fítámì B6 pọndandan fún ọmọ tó rù, ọmọ tó ní HIV àti èyí tó ń mu ọmú. Fún ọmọ tó ní HIV tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, wọ́n á dúró ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 lẹ́yìn tí oògùn ikọ́ ife bẹ̀rẹ̀, kí ọpọlọ má baà wú jù.

Omi inú orí: bí omi náà bá ṣì rí ọ̀nà díẹ̀ ṣàn, acetazolamide àti furosemide lè dín in kù. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, oníṣẹ́ abẹ á fi rọ́bà tín-ínrín kan darí rẹ̀ láti inú orí lọ sínú ikùn. Ẹ jẹ́ kí ìrọ̀rí gbé orí ọmọ sókè díẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ sì wà ní tààrà.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń já wálẹ̀ nínú àìsàn yìí, gìrì sì lè tìdí rẹ̀ wá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Àṣà àtijọ́ ni kí wọ́n fi omi dù ọmọ nítorí ọpọlọ tó wú. Ó máa ń ṣèpalára, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́pọlọ á tún dín kù. Omi tó ní iyọ̀ tó ló yẹ kí wọ́n fà sí i lára, kì í ṣe omi ṣúgà lásán. Ọmọ tí kò lè gbé oúnjẹ mì, rọ́bà láti imú dé ikùn ni kí wọ́n fi bọ́ ọ. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara rẹ̀ má baà jẹrà.

Ìgbésẹ̀ keje: oṣù tó kù nílé

Ìtọ̀ ọmọ á pọ́n rúsúrúsú, omijé rẹ̀ náà á pọ́n. Rifampicin ló fà á, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí funfun ojú ọmọ bá pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó kọ oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ ló ń ké yẹn. Ẹ dá oògùn ikọ́ ife dúró, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, ibà tàbí orí fífọ́ lè padà nígbà tí ara ọmọ ti ń gbà oògùn. Nígbà mìíràn, ara rẹ̀ tó ń jí padà ló ń bá òkú kòkòrò jà. Dókítà ni kó sọ bóyá ìyẹn ni, bóyá omi ló tún kún, bóyá kòkòrò tí kò gbóògùn ni. Nítorí ibà tàbí orí fífọ́ yìí, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Ní oṣù kẹta, ọmọ á ti máa sáré, á sì dà bíi pé ó ti tán. Oṣù yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fi oògùn sílẹ̀. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sàmì sí i lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó bá fún un ní oògùn. Iṣẹ́ gbogbo èèyàn kì í sábà ní ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ mú ọmọ lọ ṣàyẹ̀wò etí àti ojú. Ẹ máa wọn orí rẹ̀ lóṣooṣù. Apá tó rọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í nà án, ẹ máa fi í ṣeré láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ eré ìdárayá ara bá ti kọ́ yín. Ọpọlọ ọmọdé ṣì lè kọ́ ohun tó gbàgbé. Bó bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tàbí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nílé ìwé, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mọ ohun tó kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ padà sínú ilé

Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ kì í sábà kó ikọ́ ife ran ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà tó kó o ràn án ló wà níta, tó ṣì ń wúkọ́. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà ni kó lọ ṣàyẹ̀wò. Àwọn ọmọ yòókù tí kò tíì pé ọdún 5, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ara wọn yá, wọ́n á lo oògùn ìdènà fún oṣù 3 tàbí 6, ní ìbámu pẹ̀lú irú èyí tí ilé ìwòsàn bá fún wọn.

Àjẹsára BCG, tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ tuntun kan ní Paris lọ́dún 1921, kò lè dá ikọ́ ife ẹ̀dọ̀fóró ti àgbàlagbà dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gun orí ọmọdé gan-an ló mọ̀ ọ́n dènà jù. Ẹ fún ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i, àyàfi bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ dúró nítorí HIV. Síbẹ̀, bí ọmọ tó ní àpá BCG ní apá bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kẹjọ ibà, tó ń bì tí inú rẹ̀ kò ṣí, tó sì ń tòògbé, ẹ wo àpá náà kẹ́ ẹ ṣì fa omi ẹ̀yìn rẹ̀.